Mo Rán Ẹlòmíràn Lọ Fa Ẹ̀jẹ̀ Lórúkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má ṣe kàánú mi. Bí ẹ bá ní àánú lọ́wọ́, ẹ fún ìyàwó mi. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, inú ara mi ló ń bí mi, kò sì tíì rọ̀ títí di òní.

Bọ́láwárìn lorúkọ mi. Mánéjà ni mí ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Olúyọ̀lé, Bódìjà la sì ń gbé. Kòfowórọlá ìyàwó mi ti bí ọmọbìnrin kan fún mi, Fọláyọ̀. Lọ́jọ́ tó bí i, ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ débi pé ọpẹ́lọpẹ́ èyí tí wọ́n bá nílẹ̀ ní ọsibítù ni kò jẹ́ kó kú.

Nígbà tó tún lóyún lọ́dún yìí, Dókítà Oyèkànmí, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù aládàáni kan lápá Jericho, kò fi bọpo bọyọ̀ rárá.

Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí àkókò ìbí tó dé. Bí ìyàwó yín bá nílò ẹ̀jẹ̀, a ó ti ní in nílẹ̀ dè é. Bí kò bá nílò rẹ̀, ẹlòmíràn á lò ó. Bí a ti ń ṣe é níbí nìyẹn, ọkọ ló ń fà á."

Mo ní, "Kò sí wàhálà, má."

Irọ́ ni. Wàhálà wà.

Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé ọkùnrin tó bá ń da ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ nù, agbára rẹ̀ ló ń dà nù. Èmi náà ti gba ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì ti fi tèmi lé e. Nígbà tí àwọn kan wá sí ilé iṣẹ́ wa pé kí àwọn òṣìṣẹ́ wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, èmi ni mo lé wọn padà lẹ́nu géètì. Mo bi wọ́n pé, "Ìyókù tí ẹ ò bá lò ńkọ́? Ta lẹ ń tà á fún?" Àwọn òṣìṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọ̀gá gbọ́n.

Ọ̀gá ò gbọ́n. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló ń ba ọ̀gá. Èmi tí mo ní irùngbọ̀n, tí mo bá sọ̀rọ̀ tí gbogbo fákítọ̀rì á gbọ́, bí ibà bá mú mi, oògùn oníhóró ni mo máa ń bẹ̀ wọ́n fún. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Wọ́n ní wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún àìsàn. Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́. Ohun tí mi ò bá mọ̀, mo gbà pé kò lè rí mi mú.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ, èmi nìkan ni mo lọ. Ọkùnrin kan tó sanra dáadáa fara ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Bó ṣe rí mi tí mo ń rìn síwá tí mo ń rìn sẹ́yìn, ó wá bá mi.

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ lẹ wá fà? Ẹ ẹ̀ tíì wọlé, àwọ̀ yín ti ṣí."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní Jésùtóbi lorúkọ òun, iṣẹ́ òun sì nìyẹn, pé àwọn ọkọ bíi tèmi pọ̀.

"Ẹ jókòó sínú mọ́tò yín. Orúkọ yín àti nọ́ḿbà fóònù yín ni wọ́n máa bèèrè. Màá sọ ọ́ fún wọn."

"Wọn ò ní mọ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Ojú ta ni wọ́n fẹ́ wò?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n bèèrè, ẹ̀jẹ̀ náà ni wọ́n máa rí. Ìyàwó mi á ní ohun tó nílò, Jésùtóbi á rí owó jẹun, èmi náà á sùn ire. Ta ni mo ṣẹ̀? Báyìí ni mo ṣe ń bá ara mi sọ ọ́ nínú mọ́tò. Kò pẹ́ tí Jésùtóbi fi jáde pẹ̀lú ohun mímu lọ́wọ́.

Ó ní, "Ó ti parí. Nọ́ọ̀sì ní kí n kí madam."

Mo yà sí ilé oògùn kan, mo ra púlásítà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá mi.

Nígbà tí Kòfo rí i, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú. "Ẹ ṣeun, Bàbá Fọláyọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kórìíra abẹ́rẹ́. Nítorí tèmi lẹ ṣe gbà á." Ó gún iyán, ó fi ẹ̀dọ̀ màlúù sí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ó ní kí ẹ̀jẹ̀ mi lè tètè padà. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún lá àwo.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Ọsibítù pè mí lórí fóònù pé kí n wá rí àwọn. Mo rò pé wọ́n ti mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo wá, mo pa fóònù. Wọ́n tún pè, n kò gbé e.

Nígbà tí Kòfo lọ fún àyẹ̀wò oyún, Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà wò, ó ní kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kan, ó sì ní kó sọ fún ọkọ rẹ̀ kó wá dandan. Dókítà kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kì í ṣe òmùgọ̀. Ó bi nọ́ọ̀sì pé abẹ́rẹ́ kí ni. Nọ́ọ̀sì ní ti mẹ́dọ̀wú ni, àrùn tó máa ń mú ẹ̀dọ̀ wú, tí ọkọ lè kó ran aya, tí aya lè kó ran ọmọ inú.

Ó wọlé, kò bọ́ bàtà. "Bàbá Fọláyọ̀, kí lẹ rà wálé?"

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?"

"Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fà, àrùn wà nínú rẹ̀. Ara mi ò tíì ní in, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ibo lẹ ti kó o? Ta ni obìnrin náà?"

Gbólóhùn kan péré ni òtítọ́ nílò lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ mi. Ká ní mo sọ ọ́, ìjà ọjọ́ kan ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n mo wo ojú obìnrin tó kúnlẹ̀ kí mi, ojú tì mí. Dípò kí n sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, mo ní, "Kò sí obìnrin kankan. Àfi tó bá jẹ́ abẹ bàábà."

Àyànkúnlé ni bàábà mi, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò wa. Ní ọjọ́ kejì, Kòfo lọ bá a níbẹ̀, ó sọ ọ́ lójú gbogbo ẹni tó wá gẹrun. Ọkùnrin náà ń búra pé iná lòun fi ń sun abẹ òun. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àga rẹ̀ ti ṣófo. Mo ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá pẹ̀lú mọ́tò, mo sì ń yí gíláàsì sókè.

Nínú ilé wa, ife mi dá yàtọ̀, ṣíbí mi dá yàtọ̀. Lọ́jọ́ kan, Fọláyọ̀ na ọwọ́ sí ife omi mi, ìyá rẹ̀ gbá a lọ́wọ́ tàù. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń wò mí, kò mọ ohun tó ṣe. Èmi mọ̀.

Ìyá ìyàwó mi wá gbọ́ láti Baṣọ̀run. Ìyá ìjọ ni wọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n gbé àgbo tó korò ju ewúro lọ wá, wọ́n mú mi lọ bá Wòlíì wọn, Wòlíì Ọládipọ̀.

Wòlíì gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Arákùnrin, a ó gbààwẹ̀ fún ọ. Ìwọ náà á gbà á. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọmọ inú Kòfowórọlá jogún àìsàn."

Ẹ wá wo mánéjà. Mo bọ́ bàtà, mo wọ sùtánà funfun, mo ń dọ̀bálẹ̀ lórí yanrìn, mo ń gbààwẹ̀ nítorí àìsàn tó wà lára Jésùtóbi. Àwọn ìyá àgbà tí kò mọ̀ mí rí ń bá mi pa ebi mọ́nú. Mo rù, ìgbànú mi ò mú mi mọ́. Inú ń bí mi sí Jésùtóbi, inú ń bí mi sí Dókítà, inú ń bí mi sí Kòfo pé ó gbọ́n jù. Mo bínú sí gbogbo ayé kí n má baà bínú sí ẹni tó yẹ.

Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí ni Èṣù ti tún ki ọgbọ́n mìíràn bọ̀ mí lórí. Bí mo bá lọ ṣe àyẹ̀wò nísinsìnyí, tí wọn ò sì rí nǹkan kan, ta ni yóò bi mí ní ìbéèrè? Wọ́n á ní Ọlọ́run ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ á sì parí.

Mo lọ sí ọsibítù. Mo di ojú, mo na apá. Abẹ́rẹ́ tí mi ò lè gbà nítorí ìyàwó mi, mo gbà á nítorí irọ́ mi. Nígbà tí èsì dé, wọn ò rí àrùn kankan lára mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo jẹ́rìí. Èmi fúnra mi ni mo gba gbohùngbohùn. Mo ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa, ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ mi tẹ́lẹ̀, wọn ò rí i mọ́!" Ṣọ́ọ̀ṣì dà rú. Màmá Baṣọ̀run yí gbirigbiri nílẹ̀. Kòfo ń sunkún ayọ̀, ó di ọwọ́ mi mú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wòlíì Ọládipọ̀ kò jó. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń nu ojú, bí ẹni tó rí nǹkan tí ó tóbi ju òun lọ. Àwòrán yẹn kò kúrò lójú mi.

Màmá ní àfi ká lọ fi han Dókítà. Àwa mẹ́ta la jọ wọlé tọ̀ ọ́.

Kòfo ní, "Dókítà, ẹ bá wa dúpẹ́. Ọlọ́run ti wo ọkọ mi sàn."

Dókítà Oyèkànmí wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo bá yín yọ̀, má. Àrùn lè lọ lára ènìyàn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fà, ẹ̀yà O ni. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yìí, ẹ̀yà B ni."

Màmá ní, "Kí lèyí já sí?"

"Màmá, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí ènìyàn mọ́ ló máa bá a dé sàréè. Ẹni méjì ló ni ẹ̀jẹ̀ méjì yìí."

"Ọlọ́run lè pààrọ̀ rẹ̀!" Ìyá náà ṣì ń jà fún mi. "Kí ni Ọlọ́run ò lè ṣe?"

Dókítà yíjú sí mi. "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé Ọlọ́run ló pààrọ̀ rẹ̀?"

Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò mí. Mo fẹ́ wá irọ́ mìíràn, n kò rí.

Mo ní, "Mo rán ẹnì kan ni."

Màmá ní, "O rán ẹnì kan lọ síbo?"

"Pé kó bá mi fa ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí ni, má."

Màmá ń tú gèlè wọn, wọ́n ń tún un wé, wọ́n tún ń tú u. Kòfo ló kọ́kọ́ la ẹnu, ọjọ́ yẹn ló sì kọ́kọ́ fi 'ìwọ' bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra.

"O wò mí tí mo ń gba abẹ́rẹ́ lórí oyún. O wò mí tí mo lọ ba ọjà ọlọ́jà jẹ́. O jẹ́ kí n gbá ọmọ mi lọ́wọ́ nítorí omi. Bọ́láwárìn, o ń wò mí."

Dókítà tún fi tirẹ̀ lé e. "Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ń bí èmi nínú. Ọkùnrin tó ní àrùn yẹn wà nígboro, kò mọ̀. Fóònù yín là ń pè, ẹ ń pa á. Ibo ló wà?"

N kò mọ̀. Mo sáré jáde lọ wò ó lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn. Títí di òní ni mo ń bèèrè rẹ̀ kiri.

Mo padà wọlé, mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. "Ẹ gba tèmi báyìí. Ẹ fà á." Nọ́ọ̀sì gún mi ní ìka, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ààwẹ̀ àti àgbo ti gbẹ mí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ èmi gan-an ò tó, kí n lọ jẹun dáadáa ná. Mo fẹ́ fi orí gbá ògiri.

Kòfo bá ìyá rẹ̀ lọ sí Baṣọ̀run, ó mú Fọláyọ̀ lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀ kí àkókò tó pé. Ọ̀sán gangan ni Màmá pè mí. Nígbà tí mo fi dé Jericho, wọ́n ti gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Dókítà jáde, ó ní wọ́n ti lo ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, ọsibítù mìíràn ní irú tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní yọ̀ǹda rẹ̀ àfi kí ẹnì kan fa tiẹ̀ dípò, irú yòówù kó jẹ́. Wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Kò tíì gòkè.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe ènìyàn. Mo pe Dàmọ́lá ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Ring Road. Ó ní, "Bọ́lá, o mọ̀ pé mi ò lè rí ẹ̀jẹ̀ sójú." Mo pe ẹnì kan ní Challenge, ó ní ìyàwó òun ò ní gbà. Mo pe àbúrò mi, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé, ó ti rẹ òun. Mo pe igbákejì mi ní fákítọ̀rì. Ẹ mọ ohun tó bi mí? "Ọ̀gá, ìyókù tí wọn ò bá lò ńkọ́? Ta ni wọ́n ń tà á fún?" Kò fi mí ṣẹ̀sín o. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ló ń kà fún mi. Mo pariwo mọ́ ọn, mo bú u, ó pa fóònù. Ìyàwó mi ń kú lọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbogbo ọ̀rẹ́ tí mo ní sì ń fi ẹnu mi dá mi lóhùn.

Màmá náà ti pe ẹni tí wọ́n mọ̀. Kò pẹ́, Wòlíì Ọládipọ̀ wọlé pẹ̀lú sùtánà wọn, wọn ò wọ bàtà, nọ́ọ̀sì ń wá sílípáàsì fún wọn kiri. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkùnrin tí mo jẹ́rìí èké lójú ìjọ rẹ̀ ni. Wọ́n ti ní láti dúró níwájú ìjọ náà, kí wọ́n sọ pé irọ́ ni ìyanu tí wọ́n sunkún sí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí."

Wọ́n ní, "Arákùnrin, dìde. Kì í ṣe nítorí tìẹ ni mo ṣe wá. Níbo ni wọ́n ti ń fà á?"

Wọ́n ká ọwọ́ sùtánà sókè, wọ́n sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n na apá.

Kòfo yè. Ọmọ náà yè, ọkùnrin ni. Mo ti lọ bẹ Àyànkúnlé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sọ òtítọ́ lójú àwọn oníbàárà tó kù. Ó gẹ irun mi, kò bá mi tàkúrọ̀sọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní fákítọ̀rì, mo ní kí àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ tí mo lé lọ padà wá. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ wa, ìwọ̀nba díẹ̀ ló jáde. Mi ò lè bá wọn wí. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ń wá ẹni tí ẹ máa rán, ẹ̀yin náà ẹ mọ ara yín. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ sọ pé ẹ̀rù ń bà yín. Obìnrin tó fẹ́ bímọ fún yín lè fara da ìyẹn.

Kòfo ti padà sílé. Ó ń ṣe oúnjẹ, ó ń kí mi, ó ti tún ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí ara mi padà bọ̀ sípò, mo lọ fa ẹ̀jẹ̀, èmi fúnra mi. Ó dùn mí, mo fẹ́ dákú, ṣùgbọ́n mo fà á. Mo délé, mo fi púlásítà apá mi hàn án, mo ní, "Màmá Fọláyọ̀, mo ti ọsibítù bọ̀. Mo fa ẹ̀jẹ̀ lónìí."

Ó wo apá mi. Ó ní, "Ẹ kú ewu." Ó gbé ọmọ sí ẹ̀yìn, ó mú fóònù, ó pe ọsibítù níṣojú mi.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, ọkùnrin tó wá fa ẹ̀jẹ̀ lórúkọ ọkọ mi lónìí, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe rí?"